Ọmọ Ìyá Méjì Lójú Omi

Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti dáwọ́ lé iṣẹ́ rẹ̀, ìdajì àwọn lẹ́tà tí mo ń rí gbà ló ń sọ nípa ẹ̀kún omi àti gọ́tà tó dí. Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan tó ń gbé ní agbègbè Òkè-Afá, ní Ìsọlọ̀. Ó ní ewéko kéékèèké kan ti bo ojú omi tó dúró lẹ́yìn ilé àwọn. Ewé rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó sì ní irun lára. Ìyá rẹ̀ ní ojúoró ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ní èpò lásán ni, kí wọ́n da epo bẹntiróòlù lé e lórí. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni kí òun gbọ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè náà ju ọ̀rọ̀ èpò lọ. Kí n tó lè dáhùn rẹ̀, ó di dandan kí n sọ ìtàn ọmọ ìyá méjì kan tí wọ́n jọra bí ìbejì, tí ọ̀kan nínú wọn yẹ kí a dáàbò bò, tí èkejì kò sì yẹ kí a jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ kan omi wa rárá.

Ojúoró kọ́ ni ohun tí òǹkàwé mi rí. Ojúoró a máa ṣù jọ bí kábéèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ewé rẹ̀ nípọn, gbòǹgbò rẹ̀ sì gùn nísàlẹ̀ omi. Òṣíbàtà náà kọ́ ni, nítorí pé inú ẹrẹ̀ ni gbòǹgbò òṣíbàtà wà, ewé àti òdòdó rẹ̀ nìkan ló ń yọ sókè. Àwọn méjèèjì yìí ni Yorùbá mọ̀ bí ẹni mowó. A ń fi wọ́n wúre pé a ó máa lékè ìṣòro. Fern ni ohun tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àwọn fern ni ewéko tí kì í tanná, tí kì í so èso, tí kò sì ní hóró. Eruku kíkúnná bí àtíkè ni wọ́n fi ń bímọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ èyí tó ń hù lára ọ̀pẹ, àti èyí tó ń yọ lára ògiri tó ti ń mu omi. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé fern kan wà tó kẹ̀yìn sí ilẹ̀ pátápátá, tó ń léfòó kiri.

Salvinia ni àwọn onímọ̀ ń pe agbo àwọn fern olómi yìí. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì kan ní ìlú Florence ní Ítálì, Anton Maria Salvini, tó kú ní 1729, ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí ẹ bá fa ẹyọ kan jáde nínú omi, ẹ ó rò pé ẹ rí gbòǹgbò. Kì í ṣe gbòǹgbò. Ewé mẹ́ta ló ń hù ní oríkèé kọ̀ọ̀kan: méjì á tẹ́ sójú omi, ẹ̀kẹta á ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú, á rì sísàlẹ̀, á sì máa ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí gbòǹgbò ṣe. Ewé tó ń díbọ́n bí gbòǹgbò! Nítorí ìwà yìí nìkan, mo fẹ́ràn wọn ju ọ̀pọ̀ òdòdó tí à ń fi owó ńlá rà lọ.

Ọmọ ìyá kìíní ń jẹ́ Salvinia nymphellula. Ọmọ ilé ni. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà títí wọ àárín gbùngbùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, àwọn onímọ̀ ewéko sì ti rí i nínú àwọn omi Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́pọ̀ ìgbà, níbi tí òun, ojúoró àti àwọn ewéko olómi mìíràn ti jọ ń gbé. Desvaux, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fún un lórúkọ ní 1827. Nymphaea ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe òṣíbàtà, nítorí náà ohun tí nymphellula túmọ̀ sí gan-an ni òṣíbàtà kékeré. Orúkọ náà bá a mu; ewé rẹ̀ rí roboto, ó sì kéré.

Ọmọ ìyá kejì ń jẹ́ Salvinia molesta. Gúúsù ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Brazil ni ilé tirẹ̀. Molesta ní èdè Látìnì túmọ̀ sí ayọnilẹ́nu.

Ẹni tó bá sáré wo àwọn méjèèjì yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Òótọ́ ni pé bí molesta bá gbó, tí àyè sì há mọ́ ọn, ewé rẹ̀ a tóbi, a sì ká pọ̀ sókè bí ìwé tí a ṣí díẹ̀. Nígbà náà kò ṣòro láti dá mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀, ewé rẹ̀ náà kéré, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Irun orí ewé ni ẹ ó wò. Lórí ewé molesta, irun mẹ́rin mẹ́rin ló ń hù lórí òpó kékeré kan. Wọ́n á ya kúrò lára ara wọn, wọ́n á tún tẹ̀ padà, orí wọn á sì pàdé, á lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá ti fi irin ìpo-ẹyin ṣe kéèkì rí ti mọ bó ṣe rí. Irun ti ọmọ ilé kì í so orí pọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí wọn dá wà, bí ẹnu ìjábẹ̀ tí à ń fi ja ewédú. Irin ìpo-ẹyin tàbí ìjábẹ̀: ìdánwò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń fi sójú, ti tó fún un.

Irun náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń há afẹ́fẹ́ mọ́ ara ewé, débi pé bí ẹ bá ri ewé náà sínú omi, gbígbẹ ni yóò jáde. Ní 2010, Wilhelm Barthlott àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣàlàyé àṣírí rẹ̀: gbogbo ara irun náà ń kọ omi, ṣùgbọ́n ṣóńṣó orí rẹ̀ gan-an ń fa omi mọ́ra, ìyẹn ló sì ń di ìpele afẹ́fẹ́ náà mú tí kì í fi í já. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń wo bí wọ́n ṣe lè fi ọgbọ́n yìí kun ara ọkọ̀ ojú omi kó lè máa yọ́ lọ pẹ̀lú epo díẹ̀. Ẹ má ṣe bú u tán, ẹ̀yin ará Òkè-Afá.

Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ jù lọ kò hàn sójú. Ọmọ ilé ń bímọ bí àwọn fern yòókù ti ń bímọ. Molesta yàgàn. Ó ní àpò eruku, ṣùgbọ́n eruku inú rẹ̀ kò lè hù, nítorí pé ìdì kúrómósómù márùn-ún ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dípò méjì, kò sì ṣe é pín dọ́gba. Ohun tó fi rọ́pò ọmọ bíbí ni kíkán. Ègé èyíkéyìí tó bá ti ní èéhù kan lára yóò di odidi ewéko. Ẹni tó bá fi àdá ṣá a, tó sì jẹ́ kí omi gbé àwọn ègé náà lọ, ó ti bá a gbin oko tuntun sí ìsàlẹ̀ odò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bí ooru bá mú dáadáa, tí omi sì kún fún ìdọ̀tí tó ń bọ́ ewéko, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ká tilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹyọ kan yóò di 1,024 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá; lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀, yóò ti lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí kò bá sí àyè mọ́ lójú omi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara rẹ̀, ìbora náà sì lè nípọn tó mítà kan. Òkùnkùn á ṣú nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi á tán, ẹja á kú, àwọn ẹ̀fọn tó ń fi abẹ́ ewéko olómi ṣe ilé á sì máa yọ̀.

Ibi tí ayé ti kọ́kọ́ rí agbára rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ni odò Zambezi. Ní ìparí 1958 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún lẹ́yìn ìsédò Kariba, ní ààlà ilẹ̀ tí à ń pè ní Zambia àti Zimbabwe lónìí. Ní 1959, wọ́n rí fern kan lórí omi tuntun náà. Nígbà tó fi máa di 1962, ó ti bo nǹkan bí i 1,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún adágún náà. Àwọn onímọ̀ yẹ ìwé wò, wọ́n ní Salvinia auriculata ni, ẹ̀yà kan tí wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà láti 1775. Irun tirẹ̀ náà rí bí irin ìpo-ẹyin, àṣìṣe náà kò sì yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó kó wọn sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wá kòkòrò tí yóò máa jẹ ewéko yìí, ibi tí auriculata ń gbé ni wọ́n lọ, ní Trinidad àti Guyana. Wọ́n rí kòkòrò kékeré kan tó ní ẹnu gígùn, wọ́n kó o wá sí Áfíríkà, wọ́n tú u sílẹ̀. Kòkòrò náà jẹun, ó sinmi. Ewéko náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ń jẹ òun.

Ọdún 1972 ni David Mitchell, tó ti ń wo ewéko Kariba fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ọ́ sílẹ̀ pé auriculata kọ́ ni rárá. Ẹ̀yà mìíràn ni, tí kò ì tíì ní orúkọ. Òun ló pè é ní molesta. Bí orúkọ ti yí padà báyìí ni ọ̀nà náà yí padà. Ní 1978, àwọn olùṣèwádìí láti Australia rí ilé ewéko náà ní gúúsù ìlà oòrùn Brazil, níbi tó ti ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n rí kòkòrò kan níbẹ̀ tó jọ ti Trinidad bí imumu ti jọ imumu, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí i mìlímítà méjì. Ní 1980, wọ́n tú u sórí adágún Moondarra ní Queensland. Kò pé oṣù mẹ́rìndínlógún tí ó fi run 18,000 tọ́ọ̀nù ewéko. Ìgbà náà ni wọ́n tó padà wo kòkòrò náà dáadáa, wọ́n sì rí i pé òun náà kì í ṣe ẹ̀yà ti tẹ́lẹ̀. Ní 1985 ni wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀, Cyrtobagous salviniae.

Ẹ̀yà ewéko méjì tó jọra, ẹ̀yà kòkòrò méjì tó jọra. Wọ́n ṣi ti àkọ́kọ́ mọ̀, wọ́n sì tún ṣi ti èkejì mọ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn ènìyàn fi ń fi ọkọ̀ wọn há sínú ewéko nítorí orúkọ. Ní odò Sepik ní Papua New Guinea, àwọn abúlé kan tú nítorí pé ọkọ̀ ojú omi kò lè kọjá mọ́, kò sì sí ọ̀nà mìíràn sí ọjà tàbí sí ilé ìwòsàn. Kòkòrò tó tọ́ ló tú wọn sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ní 1985, àjọ UNESCO fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Australia tó ṣe iṣẹ́ náà ní ẹ̀bùn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà ṣì jìn, kó wo Sẹ̀nẹ̀gà. Ní 1999, molesta yọ lórí odò Sẹ̀nẹ̀gà, ní ààlà Mauritania. Lẹ́bàá odò náà ni ọgbà ẹyẹ Djoudj wà, ibi tí ẹyẹ tí kò lóǹkà ti ń wá sinmi lẹ́yìn tí wọ́n bá fò ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní 2000, UNESCO fi Djoudj sára àwọn ibi àjogúnbá ayé tó wà nínú ewu, ewéko yìí sì ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n kó kòkòrò wá láti Gúúsù Áfíríkà, ewéko náà tẹríba, ní 2006 sì ni wọ́n yọ orúkọ Djoudj kúrò.

Àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò nílò Sẹ̀nẹ̀gà láti kọ́ wa ní ohun tí ewéko àjòjì lè ṣe. Ní 1984, water hyacinth gba odò Badagry wọlé sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti àlùkò, kò sì pẹ́ tó fi gba odò, ọ̀sà àti kánáàlì. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìṣúra ohun ìjà ní bárékè Ìkẹjà bú gbàmù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ àti Òkè-Afá. Òkùnkùn ti ṣú, ewéko sì bo ojú kánáàlì; ohun tó dà bí ilẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀. Ọmọdé ló pọ̀ nínú àwọn tó bá omi lọ. Àpapọ̀ àwọn tí àjálù ọjọ́ náà pa lé ní 1,000, ìrántí wọn sì wà ní Òkè-Afá títí dòní. Ewéko kọ́ ló fa ìbúgbàmù, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo kọjá lórí afárá náà tí n kì í wo ojú omi kí n sì béèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá omi ni mo ń wò tàbí ìbora rẹ̀.

Ibo ni molesta ń gbà wọ ìlú? Ọ̀nà ẹwà ni. Jákèjádò ayé, àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì ló ń tan àwọn fern olómi yìí kálẹ̀, nítorí pé wọ́n rẹwà, wọ́n sì ń fọ omi mọ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan ní Àjàò Estate, ọ̀rẹ́ àbúrò mi, pè mí lórí fóònù pé òun ń kó lọ sí ilé tuntun, òun kò sì ní lè kó àpótí ẹja òun dání.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja ti rí ẹni gbà á," ó ní. "Ewéko ló kù. Mo fẹ́ dà á sí kánáàlì, kó lè rí ibi gbé."

"Jọ̀ọ́, àbúrò, má tíì dà á. Mo ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó lóró ni?"

"Kò lóró. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí irun rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo dé ibẹ̀, a gbé ẹyọ kan sábẹ́ awò, irun náà sì so orí pọ̀ bí irin ìpo-ẹyin. Ìyẹn fi hàn pé àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Yálà auriculata ni tàbí molesta, awò ọwọ́ mi kò lè yà wọ́n, kò sì ṣe pàtàkì, nítorí pé kò sí èyí tó yẹ kó rí kánáàlì nínú wọn. A tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì níwájú ilé fún ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn fi mú, títí tó fi ń ṣẹ́ wáráwárá bí ewé gbígbẹ, a sì bù ú sí ìdí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àdúgbò wọn. Omi inú àpótí náà, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni a dà á sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní òkèèrè, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: òfin Amẹ́ríkà kò fàyè gba molesta, àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti fòfin dè é láti 2019, ì báà ṣe títà tàbí sísìn.

Nítorí náà, òǹkàwé mi ní Òkè-Afá, ẹ fi epo bẹntiróòlù yẹn sílẹ̀ o. Yóò pa ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́, yóò wọ inú kànga àwọn tó wà nísàlẹ̀, iná sì lè ṣẹ́. Ẹ mú ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ wò wọ́n lábẹ́ awò. Bí irun rẹ̀ bá rí bí ẹnu ìjábẹ̀, tí omi náà kì í sì í ṣe ojú ọ̀nà àgbàrá, ọ̀rọ̀ màmá ló yẹ kí ẹ gbọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ṣi orúkọ rẹ̀ pè. Ẹ jẹ́ kó máa gbé ibẹ̀. Níbi tí omi gbọ́dọ̀ ti máa ṣàn, ẹ fi ráákì fà á jáde láìgé e, ẹ sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí omi. Bí irun náà bá so orí pọ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀, títí dé ègé tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ garawa, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ipò tí àwọn méjèèjì wà. Ti molesta kò ṣòro. Àwọn amòye tó wà lábẹ́ IUCN, àjọ àgbáyé fún ìdáàbòbò ohun àdáyébá, ní àkọsílẹ̀ ẹ̀dá àjòjì 100 tó burú jù lọ láyé. Kòkòrò àrùn màlúù tí à ń pè ní rinderpest wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ayé ṣẹ́gun àrùn náà pátápátá, àyè kan ṣófo, ní 2013 ni wọ́n sì fi Salvinia molesta dí i. Ẹ gbọ́ mi yé o: ewéko wínníwínní ló jókòó sí àga tí àrùn tó pa agbo màlúù ilẹ̀ Áfíríkà run dìde lórí rẹ̀.

Ti ọmọ ilé kò ní ariwo. Àkọsílẹ̀ Pupa tí IUCN fi ń díwọ̀n ewu tó wà lórí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan máa ń wo bí ilé ẹ̀dá náà ṣe fẹ̀ tó káàkiri ayé, iye tó kù, àti bó ṣe ń yára dínkù. Ewéko tó wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ kì í sábà mì ìdíwọ̀n yẹn. N kò bá ìdíwọ̀n náà jà. Àgbáyé ló ń wò. Ìsọlọ̀ ni èmi ń wò. Òṣíbàtà kékeré yìí kò fẹ́ omi tó ń sáré, kò sì fẹ́ omi tí epo mọ́tò ti bò. Ohun tó ń fẹ́ ni àbàtà, adágún kékeré, etí odò tó parọ́rọ́. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti da iyanrìn sí láti Òkòta dé Èjìgbò kí a tó kọ́ ilé lé e lórí, àwa kan náà la sì ń béèrè ìdí tí omi fi ń wọlé yàrá. Ohun tí a kò dí, water hyacinth ti gbà á. Ewéko kan lè má wà nínú ewu kankan láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Kọ́ńgò, kó sì ti tán ní àdúgbò yín láìsí ẹni tó ṣàkíyèsí, pàápàá nígbà tí gbogbo wa ń pè é ní ojúoró.

Mo ti ń kọ ibi tí mo bá ti rí i sínú ìwé kékeré kan láti ọdún tó kọjá: ọjọ́, òpópónà, irú omi, àti bí irun rẹ̀ ṣe rí. Bí ẹ bá rí i ní tòsí yín, ẹ kọ sí mi bákan náà, kí ẹ sì fi àwòrán ewé náà kún un láti ìtòsí. Azolla, ìbátan wọn tó kéré jù, tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì wá ajílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, yóò ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀.